Ọwọ́ Tẹniọlá Kò Korò

“Ẹ jókòó, ẹ̀yin méjèèjì. Tẹniọlá, gbé abọ́ yẹn sílẹ̀, ẹ̀kọ kò ní sá lọ. Jùwọ́n, pa fóònù rẹ. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́rùn mi láti ìgbà tí ìwọ ọmọ yìí ò tíì lè dá jókòó. Bí mi ò bá sọ ọ́ lónìí, ẹnu tí n ó fi sọ ọ́ lè má sí mọ́ lọ́la.”

Báyìí ni Monínúọlá ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan, lórí ibùsùn rẹ̀ ní Ajílósùn, Adó-Èkìtì. Ẹ̀gbà ti kọ lù ú láti nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn. Apá ọ̀tún rẹ̀ kò ṣeé gbé, ẹnu rẹ̀ sì ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, àmọ́ ọ̀rọ̀ ṣì ń jáde níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń fà. Tẹniọlá ni àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo. Nọ́ọ̀sì ni ní Lọ́kọ́ja, ó sì tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́ kó lè wá tọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Jùwọ́n, ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, ọmọ bíbí inú Tẹniọlá ni, àmọ́ Monínúọlá ló tọ́ ọ dàgbà. Monínúọlá ló ń pè ní “Mọ́mì.” Ìyá tó bí i, “Mọ́mì Lọ́kọ́ja” ló ń pè é, bí ẹni ń pe àlejò tó máa ń mú búrẹ́dì wá tí kì í sùn ju ọjọ́ méjì lọ.

Kì í ṣe àìsàn ló fa ọ̀rọ̀ náà jáde o. Àìsàn nìkan ì bá ti jẹ́ kó gbé e wọ ilẹ̀ lọ. Ohun tó fà á kò ju gbólóhùn kan lọ. Lọ́jọ́ tí Tẹniọlá dé láti Lọ́kọ́ja, ó ro ẹ̀kọ gbígbóná fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fẹ́ ẹ títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó bù ú sínú ṣíbí. Bó ṣe ń gbé e bọ̀ lẹ́nu Monínúọlá, ọwọ́ rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà. Obìnrin tí irun funfun ti ń yọ lórí rẹ̀, tó ti gún àìmọye èèyàn lábẹ́rẹ́, wá ń wo ṣíbí náà bí ẹni tó gbé ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, “Àǹtí mi, ṣé ẹ máa lè jẹ ẹ́ lọ́wọ́ mi, àbí kí n pe Jùwọ́n kó wá fún yín?”

Monínúọlá ya ẹnu, ó gba ẹ̀kọ náà, àmọ́ kò lọ lọ́fun rẹ̀. Gbogbo alẹ́ ọjọ́ náà ló fi ń gbọ́ ohùn yẹn. Nígbà tí Fadá Bámgbóyè gbé Ara Olúwa wá fún un ní ọjọ́ Ẹtì, ó ní kí gbogbo èèyàn jáde, ó sì jẹ́wọ́. Fadá gbọ́ ọ títí, ó gbàdúrà ìdáríjì sí i lórí. Lẹ́yìn náà ló rọra tẹ̀ síwájú sí i, ó ní, “Ọlọ́run ti dárí jì yín, Màmá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹrù Ọlọ́run lẹ jí. Ẹni tí ẹ jí ẹrù rẹ̀ wà ní ilé ìdáná yín níbẹ̀ yẹn.”

Ìdí nìyẹn tó fi pè wọ́n jókòó.

“Ẹ̀yin méjèèjì mọ̀ pé mi ò bímọ,” ó ní, “àmọ́ ẹ ò mọ bó ṣe rí.” Ó sọ fún wọn nípa ọkọ rẹ̀, Ọláoyè, olùkọ́ ní Ìgèdè, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kò fi ọ̀rọ̀ ọmọ gún un lára títí ó fi kú. Oyún ń wá, oyún ń lọ. Ó ní bí wọ́n bá ń sàmì fún àwọn ọmọ ọwọ́ nílé ìjọsìn, ẹ̀yìn pátápátá lòun máa ń jókòó sí, kí òun lè tètè jáde. Bí ó bá gba ọmọ ọlọ́mọ gbé, kì í tètè dá a padà, ìyá ọmọ á ti na ọwọ́ títí, á tún un nà. Ilé ìyá kan wà níwájú ilé wọn ní Ìgèdè, ìyá náà a máa jókòó síta láràárọ̀ fún ọmọ rẹ̀ lóúnjẹ. Monínúọlá a dúró lẹ́yìn fèrèsé máa wò ó. Bí ọmọ náà bá la ẹnu, òun náà á la ẹnu láìmọ̀. “Mo ti bọ́ ìwọ Tẹniọlá,” ó ní. “Nígbà tí Ìyá wa kú, orí ẹsẹ̀ mi lo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹun. Mo rò pé ìyẹn á tó mi. Kò tó mi.”

Tẹniọlá nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró rẹ̀.

Nígbà tí Tẹniọlá wà nínú oyún Jùwọ́n, ọkọ rẹ̀, Ayọ̀dèjì, kú. Ọkùnrin náà kò ní òbí láyé, kò ní ẹ̀gbọ́n, kò ní àbúrò. Ilé Monínúọlá ní Ajílósùn, níbi tó ń dá gbé lẹ́yìn ikú Ọláoyè, ni Tẹniọlá bímọ sí. Ọmú nìkan ló fi bọ́ ọmọ, kò fún un lómi pàápàá, bí wọ́n ṣe máa ń kọ́ àwọn ìyá nílé ìwòsàn. Àmọ́ ìsinmi ìbímọ kì í lọ títí ayé. Ibi iṣẹ́ pè é padà sí Lọ́kọ́ja, inú yàrá kan ṣoṣo ló ń gbé níbẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ òru. Kò sí ẹni tó lè bá a mú ọmọ. Ó fún wàrà ọmú rẹ̀ sínú ike kéékèèké, ó tò wọ́n sínú fìríìsà, ó kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. “Àǹtí mi, èyí á tó o títí n ó fi dé ní Sátidé. Sátidé yẹn ló máa pé oṣù mẹ́fà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi oúnjẹ kankan sí i lẹ́nu. Èmi ni mo fẹ́ fún un ní àkọ́jẹ.” Monínúọlá ní kò burú. Ó tilẹ̀ bú u pé ṣé òun ò mọ̀ pé ìyá ló ni àkọ́jẹ ọmọ ni.

“Ní Ọjọ́rú,” Monínúọlá ní, “mo ń mu ẹ̀kọ. Ọmọ wà lórí ẹsẹ̀ mi. Bí mo bá gbé ṣíbí sókè, ojú rẹ̀ á bá a gòkè. Bí mo bá gbé e mì, òun náà á gbé itọ́ mì. Mo wo ẹ̀yìn, mo wo iwájú, bí ẹni pé ẹnìkan lè máa wò mí nínú ilé ara mi. Mo bù díẹ̀. Mo fi sí i lẹ́nu.”

“Ọjọ́rú?” Tẹniọlá béèrè. Ohùn rẹ̀ kéré.

“Ọjọ́rú. Nígbà tí o sì dé ní Sátidé, tí o fún un, tó gbà á láìtu ún dànù, o fò sókè. O ní, ‘Àǹtí mi, ẹ wò ó! Ó gbé e mì! Àwọn ọmọ yòókù máa ń tu àkọ́jẹ dànù ni!’ O pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ní Lọ́kọ́ja, o ń sọ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ń pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ tí mo fi jalè náà ni mo fi ń pàtẹ́wọ́ fún ọ.”

Ó ní bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló mọ ni, ì bá máà tó ohun tí wọ́n ń pe èèyàn jókòó sọ. Àmọ́ ẹni tó bá jí ẹran nínú ọbẹ̀ tí wọn ò mú un, ìkòkò ló máa padà gbé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni Tẹniọlá ń wálé. Bí ọkọ̀ wọn bá ti dé Ìjàn, kò lè mú un mọ́ra, á pè. “Àǹtí mi, mo ti dé Ìjàn o! Ẹ má fún un lóúnjẹ mọ́, ẹ jẹ́ kí ebi máa pa á díẹ̀. Mo ra ẹja bọ̀, màá yọ egungun rẹ̀ fún un.” Monínúọlá á ní, “Ó dáa, àbúrò mi, a ń retí rẹ.” Á gbé fóònù sílẹ̀, á gbé ọmọ. Láti Ìjàn dé Ajílósùn, àyè wà dáadáa fún ẹni tó bá fẹ́ bọ́ ọmọ yó. Iṣu tó ti gún kúnná, epo díẹ̀, edé lílọ̀. “Uṣu,” ló máa ń pè é fún un bí wọ́n ṣe ń pè é nílé, “jẹ uṣu rẹ, ọmọ mi.” Kí Tẹniọlá tó wọlé, ó ti nu ẹnu ọmọ, ó ti fọ abọ́, ó ti dojú rẹ̀ dé kó lè gbẹ.

Tẹniọlá á wọlé, kò ní bọ́ bàtà dáadáa, ilé ìdáná ló ń lọ. Á se ẹja, á yọ egungun rẹ̀ títí, á fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò. Á wá jókòó ti ọmọ. Ọmọ á yí orí. Á kọrin fún un, ọmọ á rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò ní la ẹnu. Tẹniọlá á la ẹnu tirẹ̀ gbàgà kí ọmọ lè fara wé e. Ọmọ á máa wo ẹnu náà bí ìran. “Àǹtí mi, kí ló dé tí kì í jẹ tèmi?” Monínúọlá á fi ọwọ́ lé e léjìká. “Ọmọdé mọ ọwọ́ tó ń bọ́ ọ, Tẹni. Má bínú sí i. Iṣẹ́ ló gbà ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.”

“Ìtùnú ni mo fi gún ọ lọ́bẹ,” ó wí lórí ibùsùn. “Mo ń gún ọ, mo sì ń bá ọ nu omijé.”

Jùwọ́n, tó ti ń wo ilẹ̀ láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, gbójú sókè. “Mọ́mì, ẹ ti rẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ ká fi ìyókù di ọ̀la.” Ọmọ náà rò pé ó ti parí. Monínúọlá mi orí. “Èyí tó burú jù ṣì wà níwájú. Má jẹ́ kí n sinmi, bí mo bá sinmi, n ò ní lè sọ ọ́.”

Ọ̀sẹ̀ Àjíǹde ni. Tẹniọlá wálé pẹ̀lú ayọ̀. Ó ti rí yàrá tó gbòòrò sí i nítòsí ilé ìwòsàn, ìyá ẹnìkan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ìyá àgbà kan láti Ọ̀mùò, ti gbà láti máa bá a mú ọmọ. Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní kó kú iṣẹ́, ó ní bí Àjíǹde bá ti kọjá, òun ń mú ọmọ òun lọ. Òun fúnra òun lòun máa fún un lóúnjẹ ní gbogbo ọjọ́ tóun máa lò, kó lè mọ ọwọ́ òun kí wọ́n tó lọ. Monínúọlá fà á dìde, ó ní “Olúwa á gbọ́ tìrẹ.” Àmọ́ ilé náà ti fẹ́ padà dákẹ́. Ó wo aṣọ ọmọ tó wà lórí okùn, ó ń rí okùn láìsí aṣọ lórí rẹ̀.

“Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì Rere,” ó ní, “ọjọ́ tí wọ́n fún Jésù ní ọtí kíkan mu, mo lọ sẹ́yìnkùlé. Mo já ewúro. Mo rún un láìfi omi sí i. Mo fi oje rẹ̀ pa ṣíbí ọmọ náà, ó gbẹ, mo tún un pa, ó tún gbẹ. Ẹ mọ̀ pé ewúro làwọn ìyá wa fi ń já ọmọ lẹ́nu ọmú. Èmi fi já ọmọ lẹ́nu ọwọ́ ìyá rẹ̀.”

Tẹniọlá dìde. Ó tún jókòó.

Lọ́jọ́ náà, ànàmọ́ ni Tẹniọlá sè, ó fi ẹyin àti ẹja gún un. Ó fi ṣíbí ìdáná tọ́ ọ wò, ó dùn. Ó bù ú sínú abọ́ ọmọ, ó mú ṣíbí ọmọ. Jùwọ́n fẹ́ràn ànàmọ́, ó la ẹnu. Ojú rẹ̀ yí padà, ó tu ú, ó figbe ta. Tẹniọlá tún fún un, ó tún tu ú, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ṣíbí dànù. Tẹniọlá fi ìka bù nínú abọ́, ó tọ́ ọ wò. “Ó dùn, Àǹtí mi. Kò gbóná. Kí ló ń ṣe é?” Ó wo oúnjẹ, ó wo ọmọ, nígbà tí kò rí ohun tí yóò tún wò mọ́, ó wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, “Àfi bí ẹni pé ọwọ́ mi ló korò mọ́ ọn lẹ́nu.”

“Mo gbọ́ ọ,” Monínúọlá ní. “Ìdúró tí mo dúró, ọwọ́ mi lè tó èjìká rẹ. Mo ní kó o lọ sinmi díẹ̀. O yí ẹ̀yìn padà, mo fọ ṣíbí náà, mo fún un ní ànàmọ́ kan náà, ó jẹ ẹ́ tán. Mo pè ọ́ kó o wá wò ó. Èmi ni mo pè ọ́, Tẹni, kó o lè wá fi ojú ara rẹ rí i.”

Ọjọ́ kejì bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kẹta bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, kò sí ìdí fún ewúro mọ́. Bí ọmọ bá ti rí ìyá rẹ̀ pẹ̀lú abọ́, ẹnu rẹ̀ á dì pa, á fi orí pamọ́ sí àyà Monínúọlá. Tẹniọlá fúnra rẹ̀ kò jẹun mọ́. Ìgbà náà ni Monínúọlá ní, “Rọ ọ́.” Tẹniọlá ní, “Àǹtí mi, èmi ni mò ń kìlọ̀ fún àwọn ìyá pé kí wọ́n má rọ ọmọ. Ó lè gba ọ̀nà ibòmíràn lọ.” Monínúọlá ní, “Àwa náà rọ ìwọ, o ò kú. Àbí o fẹ́ kí ebi pa á dé Lọ́kọ́ja?” Monínúọlá mọ̀ pé bí Tẹniọlá bá rọ ọmọ náà, ẹ̀rù ìyá rẹ̀ á túbọ̀ máa bà á. Ohun tó ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Ó jẹ́wọ́ ìyẹn náà fún wọn.

Tẹniọlá gbé ọmọ dùbúlẹ̀ sórí itan, ó ká ọwọ́ rẹ̀ sí ẹnu ọmọ bíi kòtò, ó da ẹ̀kọ sí i, ó di imú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọmọ fẹ́ sunkún, ó sì fẹ́ mí, ẹ̀kọ sì wà lọ́nà. Ó há a. Igbe dá. Ojú rẹ̀ dúdú, ètè rẹ̀ dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń ta dáwọ́ dúró. Nọ́ọ̀sì tó ti gba ẹ̀mí ọmọ ẹlòmíràn là, tirẹ̀ dé, ó di òkúta. Monínúọlá ló já ọmọ gbà, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí apá rẹ̀, ó ń gbá a lẹ́yìn, ó ń pe orúkọ Màríà, ó ń gbá a lẹ́yìn. Ẹ̀kọ tú jáde nímú. Ọmọ ké. Àmọ́ kò na ọwọ́ sí ìyá rẹ̀. Ọrùn Monínúọlá ló dì mọ́.

“O jókòó sílẹ̀,” Monínúọlá ní. Omi ń bọ̀ lójú rẹ̀ báyìí, ó ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó wọ́ náà, kò sì gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè láti nù ún. “O ní, ‘Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.’ O ń sọ ọ́ léraléra. Ìgbà yẹn ló yẹ kí n la ẹnu. Ká ní mo la ẹnu nígbà náà, o lè lù mí, ká parí rẹ̀. Òótọ́ kún ẹnu mi, mo gbé e mì. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, o gbé báàgì rẹ nìkan. O dúró lẹ́nu géètì, o ní, ‘Àǹtí mi, ẹ bá mi bọ́ ọ. Ọlọ́run ò fún mi lọ́wọ́ ọmọ.’ Mo ní, ‘Máa lọ, fọkàn balẹ̀.’ Ọkọ̀ rẹ lọ. Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn. Mo gbé ọmọ sókè, mo jó. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Mo jó.”

Lóde, ẹnìkan ń pe adìyẹ rẹ̀ wọlé.

Nígbà tí Tẹniọlá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wò. “Mo lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ mí kúrò ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé,” ó ní. “Wọ́n bi mí ní ìdí, mo ní ẹkún wọn máa ń fa orí fífọ́ fún mi. Olúṣẹ̀yẹ fẹ́ fẹ́ mi. Èèyàn dáadáa ni, ẹ rántí rẹ̀. Mo ní mi ò lè tọ́mọ. Ó ní kò burú, mo ní ó burú. Bí mo bá wá síbí, búrẹ́dì ni mò ń rà wá, torí ọwọ́ mi ò kàn án, inú láílọ́ọ̀nù ló wà.”

“Mo mọ̀,” Monínúọlá ní. “Mo mọ̀ ọ́n, búrẹ́dì yẹn máa ń há mi lọ́fun. Èmi náà ò jèrè tó bí mo ṣe rò. Láti Àjíǹde yẹn, o ò tíì bá mi jókòó nílé ìdáná rí. Bí mo bá ń se ẹja, màá máa dá sọ̀rọ̀ bí ẹni pé o wà níbẹ̀, tí o ń yọ egungun. Mo gba ọmọ rẹ, mo sọ àbúrò mi nù.”

Tẹniọlá wá kọjú sí i. Gbogbo ohun tí Monínúọlá ti múra sílẹ̀ láti gbọ́, èpè, ẹkún, igbe, kò sí èyí tó jáde níbẹ̀. Ó béèrè pé, “Báwo ni ojú rẹ̀ ṣe rí?”

“Ìgbà wo?”

“Ọjọ́rú yẹn. Nígbà tí ẹ kọ́kọ́ fi sí i lẹ́nu.”

Monínúọlá di ojú. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò láti wá a, kò sí ọjọ́ tí kò wò ó. “Ó kọ́kọ́ dá ojú ró, bí àgbàlagbà tí wọ́n parọ́ fún. Ó yí i lẹ́nu, ó ń yí i. Ìdajì ń ṣàn lọ sí àgbọ̀n. Lẹ́yìn náà, ó gbé e mì, ẹnu sì yà á. Ó wo ojú mi, bí ẹni tó ń béèrè pé nǹkan báyìí wà láyé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún òun. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó ń fa ṣíbí náà padà bọ̀.”

“Ẹ tún un sọ,” Tẹniọlá ní.

Ó tún un sọ. Tẹniọlá gbọ́ ọ pẹ̀lú ojú dídì, ètè rẹ̀ ń là díẹ̀díẹ̀, kò mọ̀ pé ó ń là.

“Mo máa ń bi yín,” Jùwọ́n wí fún Monínúọlá, kò sì pè é ní nǹkan kan, “mo máa ń bi yín pé kí ló dé tí wọn kì í mú mi lọ Lọ́kọ́ja. Ẹ ní iṣẹ́ ò jẹ́ kí wọ́n ráyè mi. Mo ti bínú sí wọn títí ó fi sú mi. Ẹ sì ń wò mí.”

“Mo ń wò ọ́.”

“Ṣé ẹ ò rí i pé—” Ó dìde, ó ń wá bàtà rẹ̀, kò rí i, ó kọrí sẹ́nu ọ̀nà láìwọ bàtà.

“Jùwọ́n, dúró gbọ́ èyí kó o tó lọ!” Monínúọlá gbìyànjú láti gbé orí sókè, kò ṣeé ṣe. Ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀yìn ló kọ sí i. “Èmi kọ́ ni kó o fara wé. Lọ́jọ́ kan wọ́n á gbé ọmọ fún ọ, tìrẹ tàbí ti ẹlòmíràn. Bí ó ti wù kí ebi ọmọ máa pa ọ́ tó, má fi ọmọ ẹlòmíràn bọ́ ebi náà. Ọmọ lè jẹun lọ́wọ́ èèyàn mẹ́wàá kó sì yó, ọwọ́ kan kò dí ọwọ́ kejì lọ́nà. Èmi ni mo rò pé àyè ẹnìkan ló wà. Ẹ dárí jì mí. Tẹniọlá, èmi tí mo pọ̀n ọ́, mo kúnlẹ̀ fún ọ níbi tí mo wà yìí. Kí ẹ dárí jì mí.”

Jùwọ́n jáde. Tẹniọlá gbé abọ́ ẹ̀kọ tó ti dì, ó sì jáde pẹ̀lú.

Ọ̀sán lọ. Oòrùn kúrò lójú fèrèsé. Monínúọlá dá wà, ó ń gbọ́ ilé rẹ̀ bí ẹni tí kì í ṣe onílé. Nígbà tí ọjọ́ ń rọ̀, ó gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ náà lẹ́yìnkùlé. Ó gbọ́ tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, kò wọlé, kò lọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ló gbọ́ ohùn rẹ̀, ohùn ọkùnrin tí kò tíì gbó tán. “Ebi ń pa mí.”

Kò gbọ́ ohun tí Tẹniọlá fi dáhùn. Ó gbọ́ gáàsì tó gbiná. Ó gbọ́ ọ̀bẹ lórí pákó, alùbọ́sà ni, òórùn rẹ̀ wọlé wá bá a. Ó gbọ́ ìjókòó tí wọ́n fà. Ó gbọ́ tí wọ́n ń fi ṣíbí ha abọ́, ó gbọ́ tí ọmọ náà ní, “Ṣé ó kù?” Lẹ́yìn náà ni ẹkún Tẹniọlá bẹ̀rẹ̀, ẹkún tó jinlẹ̀, tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́, àti ohùn Jùwọ́n tó ń sọ pé, “Ó ti tó, ó ti tó,” láìpe orúkọ kankan, torí kò tíì mọ orúkọ tí yóò máa pè é. Gbogbo ara Monínúọlá tó ṣì lè gbọ́ nǹkan ló ń fà sí ilé ìdáná yẹn. Ká ní ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e, ì bá lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn lásán, kó má wọlé. Kò sí ẹni tó pè é. Ó sì mọ̀ pé kò yẹ kí wọ́n pè é.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí Tẹniọlá wọlé. Ó tan iná. Ó gbé oògùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti omi lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ti wú. Ó gbé orí rẹ̀ sókè, ó fi oògùn sí i lẹ́nu, ó fún un lómi, ó sì tún ìrọ̀rí rẹ̀ ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n.

“Jùwọ́n á bá mi lọ Lọ́kọ́ja lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀,” ó ní. “Òun ló sọ bẹ́ẹ̀, èmi kọ́. Ó fẹ́ wo ibi tí mò ń gbé. Mo ti bá Dùnmínínú, ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá wa, sọ̀rọ̀, á wá máa sùn tì yín.”

“Tẹni—”

“Ẹ má tíì sọ nǹkan kan, Àǹtí mi. Ẹ ti sọ tiyín.” Ó jókòó sí etí ibùsùn. “Ẹ ní kí n dárí jì yín. Mo ti wá a nínú ara mi láti ọ̀sán, mi ò rí i. Mi ò ní parọ́ fún yín, irọ́ ti tó nínú ilé yìí. Bóyá ó wà níbì kan, ó máa pẹ́ kí n tó débẹ̀.” Ó fa aṣọ bò ó dé àyà, bí Monínúọlá ṣe máa ń bo òun nígbà kan. “Nítorí náà, ẹ máa lo oògùn yín. Ẹ máa jẹun. Ẹ má kú, Àǹtí mi. Ẹ dúró dè mí.”